Ẹ̀kọ́ Títún Ọkọ̀ Mọ́tò Ṣe, àti Irú Ọmọ tí A Ń Rán Lọ Kọ́ Ọ



Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ yín fi lé wa lọ́wọ́ kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń retí láti ẹnu àlùfáà. Ọ̀rẹ́ wa kan tilẹ̀ bi wá léèrè pé, kí ni ó pa àlùfáà pọ̀ mọ́ sípánà àti ọ́ìlì? Èsì tí a fún un ni pé, àwa ni a ń sin òkú àwọn tí ọkọ̀ pa. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023, sọ pé ní ọdún 2021 nìkan, ènìyàn bí 1,190,000 ni ó kú sí ojú ọ̀nà ní gbogbo ayé. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọkọ̀ tí kò dára pa; eré àsápajúdé ní ìpín tirẹ̀, ọtí ní tirẹ̀, ọ̀nà tí ó ti di kòtò ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ́ ti bíréèkì tí kò mú, àti ti táyà tí ó bẹ́ lórí eré, ọwọ́ ẹni tí ó tún ọkọ̀ náà ṣe kẹ́yìn ni a ó ti béèrè rẹ̀. A ó sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwa òbí pẹ̀lú, nítorí pé àwa ni a ń yan irú ọmọ tí yóò lọ kọ́ iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí a ti ń yàn án. Bí ọmọ mẹ́ta bá wà nínú ilé, èyí tí orí rẹ̀ mú jù lọ ni a ń tu owó jọ fún láti lọ sí yunifásítì. Èkejì, a ó wá ọ̀nà fún un láti di olùkọ́ tàbí akọ̀wé. Èyí tí ó ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì tí kò yege, òun ni a ń fà lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì ní ìdí ọ̀nà. A ó sì wí pé, "Kí ó kúkú lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́," bí ẹni tí ń ka ìdájọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àwa kan náà yóò gbé aya àti ọmọ sínú ọkọ̀ tí ọmọ yìí ti tú tí ó sì ti dè, a ó sì tẹ iná mọ́ ọn ní òpópó Èkó sí Ìbàdàn. Bí ó bá jẹ́ dókítà ni, a kò jẹ́ fi ẹni tí kò lè ka ìwé oògùn sí ìdí abẹ́rẹ́.

Kì í ṣe ojú báyìí ni àwọn tí ó ṣáájú wa fi wo iṣẹ́ ọwọ́. Ní 1906 ni a ṣí ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ní 1908 ni a ṣí Blaize Memorial Institute ní Abẹ́òkúta, láti inú owó tí Richard Beale Blaize, oníṣòwò ńlá nì ní Èkó, fi sílẹ̀, kí a lè máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Ní Èkó ní ìgbà náà, W. A. Dawodu jẹ́ gbajúmọ̀ nítorí pé ó mọ mọ́tò í tà, ó sì mọ̀ ọ́n tún ṣe. Àwọn tí ó lówó tí wọ́n sì mọ̀wé ni ó gbà nígbà náà pé iṣẹ́ ọwọ́ tó ohun tí à ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún. Ibi tí ìrònú náà gbé sọnù lọ́wọ́ wa, ó jọ pé ìdí tábìlì ìjọba ni, níbi tí owó oṣù ti ń wọlé láìsí òógùn lójú.

A kò wá síhìn-ín láti bú àwọn ọ̀gá tí ó wà ní ìdí ọ̀nà. Ẹni tí kò bá mọ rírì wọn, kí mọ́tò rẹ̀ kú sí àárín igbó ní agogo mẹ́wàá òru. Ọmọ iṣẹ́ a máa jí ní kùtùkùtù, a máa gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, a máa fọ páàtì, a máa sáré ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún ọ̀gá. Fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò máa fi ojú kọ́ṣẹ́, tí yóò máa fi etí mọ ohun tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì, gẹ́gẹ́ bí onílù ti ń mọ̀ bí awọ bá ti rọ̀. Ní ọjọ́ òmìnira, a ó gbàdúrà fún un, a ó fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, àwọn ẹbí yóò jó. Ẹ̀kọ́ ni èyí, ẹ̀kọ́ gidi sì ni. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jáde ni kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ẹ̀kọ́ yẹn bá mu kì í ṣe ọkọ̀ tí ó kún ojú ọ̀nà mọ́. Láti 1975 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, tí a sì ń to Volkswagen ní Èkó. Ẹni tí ó bá mọ Peugeot 504 àti Volkswagen alábahun délẹ̀délẹ̀ ní ìgbà náà lè fi jẹun títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, nítorí pé gbogbo ohun tí ó wà nínú wọn ni ojú lè rí tí ọwọ́ sì lè bà. Kabúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Bí ó bá dí, a ó tú u, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó parí. Lónìí, Tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí a ń gùn. Orúkọ náà bá a mu ju bí a ti rò lọ, nítorí pé ọmọ tí ó ti òkun dé a máa sọ èdè tí ará ilé kò gbọ́. Kọ̀ǹpútà ni ó ń wọn epo nínú ọkọ̀ yìí. Òun ni ó ń pàṣẹ ìgbà tí iná yóò ṣẹ́. Ó sì ń gba ìròyìn ooru, atẹ́gùn àti èéfín láti ọ̀dọ̀ àwọn ìránṣẹ́ kéékèèké tí a fi sí ara ẹ́ńjìnnì káàkiri.

Láti àwọn ọkọ̀ ti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ń tà níbẹ̀ ní ihò kan náà, olójú 16, lábẹ́ sítíárìn, níbi tí a lè ki ẹ̀rọ bọ̀ láti bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ yìí ti wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ó ní i. Níbí gan-an ni a fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ wa, nítorí pé ibí ni owó yín ti ń ṣòfò. Ká ní ọkọ̀ rẹ ń gbọ̀n, tí ẹ̀rọ náà sì kọ P0301. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iná kò jó bí ó ti yẹ nínú ihò ẹ́ńjìnnì kìn-ín-ní. Kò sọ ohun tí ó fà á. Ó lè jẹ́ pílọ́ọ̀gì. Ó lè jẹ́ kọ́ìlì tí ń fún pílọ́ọ̀gì ní iná. Ó lè jẹ́ nọ́sù tí ń fọ́n epo. Ó sì lè jẹ́ pé inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ti jẹ, tí kò lè fún atẹ́gùn pọ̀ mọ́. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ láìkọ́ èdè rẹ̀ yóò wí pé, "Ọ̀gá, ẹ lọ ra pílọ́ọ̀gì mẹ́rin." O rà á, ọkọ̀ ń gbọ̀n síbẹ̀. "Ẹ lọ ra kọ́ìlì mẹ́rin." O rà á pẹ̀lú. Nígbà tí yóò fi dé orí nọ́sù, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti lọ.

Ẹni tí a kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Yóò yọ kọ́ìlì ti ihò kìn-ín-ní, yóò fi í sí ihò kejì, yóò sì gbé ti ihò kejì wá sí ti kìn-ín-ní. Yóò pa iṣẹ́ tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́, yóò tún ẹ́ńjìnnì dá. Bí ẹ̀rọ bá wí nísinsìnyí pé P0302, a jẹ́ pé àrùn náà bá kọ́ìlì lọ, kọ́ìlì kan ṣoṣo ni ìwọ yóò sì rà. Bí ó bá dúró sí P0301, kọ́ìlì kò jẹ̀bi, a ó wo ohun mìíràn. Kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Kì í ṣe idán. Ìwà kan ni, pé kí a má ṣe dá ohunkóhun lẹ́bi títí a ó fi dán an wò, ìwà náà sì ṣe é kọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún bí olùkọ́ rẹ̀ bá ní sùúrù.

Àṣà mìíràn tí ó gbilẹ̀ láàárín wa ni ti tẹmosítáàtì. Ìlẹ̀kùn kékeré kan ni, tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Ó ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí omi náà yóò fi gbóná dé ìwọ̀n bí 80 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, lẹ́yìn náà ni yóò ṣí i lọ sí rédíétọ̀ láti lọ tutù. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan báyìí, ọ̀gá ìdí ọ̀nà yóò yọ ọ́ jù sígbó, yóò sì wí pé ohun ìlú òtútù ni, kò wúlò fún ilẹ̀ oòrùn. Àlàyé náà dùn létí, ṣùgbọ́n iná tí ń jó nínú ẹ́ńjìnnì kò mọ̀ bóyá ní Òkìtìpupa ni òun wà tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ìlẹ̀kùn náà bá ti lọ, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná dé ibi tí ó yẹ. Kọ̀ǹpútà yóò máa rò pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ni, yóò sì máa dà epo kún epo. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò máa ráhùn pé epo ti wọ́n. Epo wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ń ra ju èyí tí ó yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan, tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń fún bátìrì ní iná, a máa yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Lára ọkọ̀ àtijọ́, kò sí ewu púpọ̀. Lára ọkọ̀ ìsinsìnyí, iná tí ó bá ru sókè ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ sì ni mítà kékeré kan, tí ó bá kà bí 14 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ì bá ti dáhùn ìbéèrè náà.

Ṣùgbọ́n ti owó nìyẹn. Ti bíréèkì ni ó gbé wa dé ibí. Nígbà tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, ọ́ìlì ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ rẹ lọ sí ìdí táyà, nítorí pé ohun olómi kì í fún pọ̀. Ọ́ìlì yìí ní àléébù kan: ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, bí iyọ̀ tí a ṣí sílẹ̀ ní ìgbà òjò. Irú èyí tí a kọ DOT 3 sí lára, nígbà tí ó ṣì jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205. Nígbà tí ó bá ti fa omi mu dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, 140 péré ni a tún ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá ro ọkọ̀ akérò kan tí ó kún, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀nà olókè tí ó yí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ká, tí awakọ̀ ń tẹ bíréèkì ní gbogbo ìgbà. Ìdí táyà gbóná, ọ́ìlì tí ó ti gbó hó, ó di oruku bí ti ìkòkò ọbẹ̀. Oruku sì ń fún pọ̀. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀, ọkọ̀ ń lọ. Wọn yóò wí pé bíréèkì "já". Kò sí ohun tí ó já. Ọ́ìlì tí ó yẹ kí a ti pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì ni kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté. Èyí tí ó burú ju èyí ni ti ẹni tí ó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí ojú ọ́ìlì bíréèkì nítorí pé èyí tí ó yẹ tán. Gbogbo rọ́bà inú bíréèkì náà ni yóò wú tí yóò sì bàjẹ́. Ọmọ tí ó bá ka orí ìwé kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí ó sì yé e, lè gba ènìyàn méjìdínlógún là ní ọjọ́ kan láìmọ̀.

Táyà pẹ̀lú ní ìwé lára. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin ni ó wà ní ìparí: bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Ẹ lọ kà á lára ọkọ̀ yín kí ẹ tó délé.

Ó ku ti ara àwọn ọmọ iṣẹ́ fúnra wọn, tí a kì í sọ. A ti rí wọn tí wọ́n ń fi ẹnu fa bẹntiróòlù nínú ọ̀pá, tí wọ́n sì ń fi í fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni òjé wà nínú epo náà, títí di 2021 kí orílẹ̀-èdè tí ó kẹ́yìn ní ayé, Àlùjíríà, tó dẹ́kun títà á fún ọkọ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjé ti lọ, májèlé mìíràn ṣì kù nínú bẹntiróòlù, èyí tí ó bá sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró wọlé lè pa ènìyàn ní ọjọ́ kan náà. A sì ti rí àwọn tí ń dá ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ nítorí òjò. Èéfín carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Oorun ni ó ń fi pa ènìyàn. Ọ̀gá tí kò gbọ́ irú nǹkan wọ̀nyí rí kò lè kọ́ ẹlòmíràn.

Níbo ni a ti ń kọ́ wọn? Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ wà ní àwọn ìpínlẹ̀ wa, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Tẹ́kíníkà. Ọdún mẹ́ta ni, lẹ́yìn ìwé kẹta ti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Títún ọkọ̀ mọ́tò ṣe sì jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí a ń kọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú ìṣirò, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀kọ́ físíìsì. Tẹ́lẹ̀ rí, láti Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dọ̀ City and Guilds, ni ìdánwò wọn ti ń wá. Ní 1992 ni a dá NABTEB sílẹ̀ kí a lè máa ṣe é nílé. Ẹni tí ó bá yege, tí ó sì fẹ́, lè tẹ̀síwájú lọ sí pólì.

A kò ní tan yín, kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni ó yẹ orúkọ rẹ̀. A ti wọ ọ̀kan rí, tí a kì yóò dárúkọ. Ẹ́ńjìnnì kan wà níbẹ̀ lórí àga irin, a fi ọ̀dà pupa àti ti ewé kùn ún, a gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kí inú rẹ̀ lè hàn. Ó dára láti wò bí ère. Àwọn ọmọ mọ orúkọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lórí. Nígbà tí a ní kí ọ̀kan nínú wọn bá wa wo ọkọ̀ wa tí ń hu ìwà lọ́nà, ojú olùkọ́ rẹ̀ ni ó ń wò. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò gba ìwé ẹ̀rí, ọmọ iṣẹ́ ìdí ọ̀nà yóò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ní Jámánì, wọn kì í ya méjèèjì nípa. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ọmọ iṣẹ́ mọ́tò fi ń pín ìgbà rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá àti sí ilé-ẹ̀kọ́, kò sì sí èyí tí ó lè fún un ní òmìnira láìsí èkejì.

Díẹ̀ nínú yín ní ọmọ ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wà, tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́, tí owó wọn kò tó ti yunifásítì. Èyí àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú nínú wọn ni èyí tí a ṣí ní Joliet, ní Illinois, ní 1901. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń kọ́ni ní títún ọkọ̀ ṣe. Láti 1972 sì ni àjọ kan tí a ń pè ní ASE ti ń dán àwọn oníṣẹ́ yìí wò. Ẹ̀ka púpọ̀ ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, láti orí ẹ́ńjìnnì dé orí bíréèkì àti iná. Ẹni tí ó bá yege nínú ìdánwò ṣùgbọ́n tí kò tí ì fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ tó bí òfin wọn ti wí, wọn kò ní fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá sì ti gbà á, lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó gbọ́dọ̀ padà wá fi hàn pé òun kò tí ì gbàgbé. Nítorí náà, bí ọmọ rẹ bá kọ̀wé sílé pé òun ń kọ́ iṣẹ́ mọ́tò ní Houston, má ṣe sọ fún àwọn ará ilé pé "ó ń ṣe nǹkan kan níbẹ̀." Sọ ohun tí ó ń ṣe.

Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Sandra Aguebor, ọmọ Ìlú Bìní, ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Èkó tipẹ́tipẹ́, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin mìíràn láti 2004, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ kan tí ó dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. A kò rí ìdí tí ìbéèrè náà fi tún yẹ kí ó gbà wá ní àkókò.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá fẹ́ lọ wo ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe béèrè iye ilé tí ó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè pé ẹ́ńjìnnì mélòó ni ó ń ṣiṣẹ́, tí àwọn ọmọ sì ń tú. Ìgbà wo ni olùkọ́ fúnra rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe kẹ́yìn. Ta ni yóò gba ọmọ náà sí ṣọ́ọ̀bù ní àkókò ìsinmi. Bí wọ́n bá kùn sí yín, ẹ lọ sí òmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ wà láàárín wa ní ìrọ̀lẹ́ yìí, tí ẹ ti gba òmìnira yín ní ìdí ọ̀nà, ìlẹ̀kùn kò tì mọ́ yín. NABTEB ní ìdánwò kan ní oṣù kọkànlá àti ìkejìlá fún àwọn tí kò sí nínú ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ sì ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, ìpele mẹ́ta, níbi tí ọwọ́ ti ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Ohun tí ó ń dí ọ̀pọ̀ yín lọ́wọ́ ni ìwé kíkà. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ yìí tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ṣe tán láti máa bá yín kà á ní alaalẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, nínú gbọ̀ngàn yìí, láìgba owó. Ẹ̀yin náà yóò sì máa ṣí iwájú ọkọ̀ fún wọn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ní ẹnu ọ̀nà, ní apá ọ̀tún yín bí ẹ bá ti ń jáde.